Ìtàn Adágún Nyos àti Ẹ̀kọ́ Tí Ó Fi Sílẹ̀

Àwọn àgbà a máa sọ pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí ènìyàn bá dúró sí etí adágún omi tí ó pa lọ́lọ́, tí omi rẹ̀ mọ́ tónítóní, tí àwọn òkè tútù sì yí i ká, kò sí ohun tí yóò sọ fún un pé ikú fara pamọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn rí ní Nyos, ìletò kan ní apá àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Ibẹ̀ kò jìnnà sí ààlà Nàìjíríà rárá. Títí di ọdún 1960, mọ́ Nàìjíríà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣàkóso agbègbè náà, omi tí ó sì ń ṣàn jáde láti inú adágún yìí a máa wọ odò Katsina-Ala, a sì gba ibẹ̀ dé odò Benue. Nítorí náà, ìtàn Nyos kì í ṣe ìtàn ará òkèèrè fún ọmọ Nàìjíríà. Ìtàn aládùúgbò ni.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 21 oṣù Ògọ́ọ̀sì, ọdún 1986, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, àwọn kan ti jẹun alẹ́ tán ní Nyos, àwọn mìíràn sì ti sùn. Ìró kan kù láti ìhà adágún bí ìgbà tí àrá bá ń kù ní òkèèrè. Ẹnì kan tí ó wà ní ibi gíga rí ìkùukùu funfun tí ó gbéra sókè láti ojú omi, ó sì rí ìgbì tí ó ru gùdù lu etí adágún. Ìkùukùu yìí kò lọ sí ojú ọ̀run. Ńṣe ni ó rọ́ wálẹ̀, tí ó wọ inú àfonífojì, tí ó sì ń ṣàn lọ bí àgbàrá òjò. Ó kọjá ní Nyos, ó dé Kam, ó dé Cha, ó dé Subum. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti rìn ju kìlómítà mẹ́wàá lọ.

Àwọn tí ó jí ní ọjọ́ kejì kò kọ́kọ́ gbà pé ojú ayé ni wọ́n wà. Baba jí, ó bá gbogbo ọmọ rẹ̀ ní òkú lórí ẹní. Ìyá jí, kò sí aládùúgbò kankan tí ó lè dá a lóhùn. Màlúù àwọn darandaran sùn gbalaja ní pápá, bẹ́ẹ̀ ni eṣinṣin kò kùn lórí wọn, nítorí eṣinṣin pàápàá ti kú. Ó lé ní 1,700 ènìyàn tí ó bá ọ̀ràn náà lọ, pẹ̀lú nǹkan bí 3,500 ẹran ọ̀sìn. Síbẹ̀, lẹ́yìn etí adágún tí ìgbì omi fọ́, ilé kò wó, koríko kò jó, àgbàdo sì dúró ṣinṣin nínú oko. Fìtílà ti kú ní ibi tí wọ́n gbé e sí, bẹ́ẹ̀ ni epo ṣì wà nínú rẹ̀. Adágún tí ó máa ń dán bí dígí sì ti pọ́n bí omi amọ̀.

Ibi tí ìmọ̀ bá ti mẹ́hẹ, ìbẹ̀rù ni yóò gba ipò rẹ̀. Àwọn kan ní bọ́ǹbù ni àwọn aláwọ̀ funfun wá dán wò ní ìkọ̀kọ̀. Àwọn mìíràn ní májèlé ni ọ̀tá dà sínú omi. Àwọn dókítà tí ó wá tọ́jú àwọn tí ó yè rí egbò tí ó jọ egbò iná lára wọn, èyí sì mú kí ọ̀pọ̀ rò pé òkè ayọnáyèéfín ni ó bú gbàmù lábẹ́ omi. Kódà, àwọn tí ó yè wí pé àwọn gbóòórùn bí ti ẹtù ìbọn tàbí ẹyin tí ó ti bàjẹ́ kí oorun tó gbé àwọn lọ. Ẹjọ́ púpọ̀ ni ó wà nílẹ̀, ó sì di dandan kí wọ́n wá ẹlẹ́rìí tí kò lè purọ́. Ẹlẹ́rìí náà ni omi, òkúta àti afẹ́fẹ́ Nyos fúnra wọn.

Òwe wí pé ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Nínú ọ̀ràn yìí, ẹnì kan ti jìn sí kòtò ṣáájú Nyos, ṣùgbọ́n ará yòókù kò rí ọgbọ́n náà kọ́ ní àkókò. Ní òru ọjọ́ 15 oṣù Ògọ́ọ̀sì, ọdún 1984, nǹkan bí ọdún méjì ṣáájú ti Nyos, ènìyàn 37 kú lójú ọ̀nà tí ó gba ẹ̀bá Adágún Monoun kọjá, nǹkan bí 100 kìlómítà sí gúúsù Nyos. Haraldur Sigurdsson, ọmọ ilẹ̀ Iceland tí ó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà, lọ yẹ ibẹ̀ wò ní 1985. Nígbà tí ó fa omi ìsàlẹ̀ adágún náà sókè, ńṣe ni omi náà ń hó bí ìgò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ó sọ pé gáàsì tí ó ti kó jọ sí ìsàlẹ̀ omi ni ó jáde lójijì, tí ó sì pa àwọn ènìyàn náà. Ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì kan fi kọ̀ láti tẹ̀ ẹ́ jáde. Nígbà tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ fi máa jáde ní 1987, Nyos ti ṣẹlẹ̀ tán.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ènìyàn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ ibẹ̀. Ọ̀wọ́ àwọn òkè ayọnáyèéfín kan bẹ̀rẹ̀ láti erékùṣù Annobón nínú òkun, ó gba São Tomé, Príncipe àti Bioko kọjá, ó gòkè sí Òkè Kamẹrúùnù, ó sì wọ inú ilẹ̀ lọ títí tí ẹ̀ka rẹ̀ kan fi dé ilẹ̀ gíga Biu ní Nàìjíríà. Òkè Kamẹrúùnù tí ó wà láàárín wọn ga ju mítà 4,000 lọ, ó sì yọ iná ní 1999 àti 2000. Ní ibòmíràn lára ọ̀wọ́ yìí, iná náà kò yọ sókè mọ́, ṣùgbọ́n òkúta yíyọ́ ṣì wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀, gáàsì a sì máa yọ́ jáde lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kòtò tí Adágún Nyos wà nínú rẹ̀ jẹ́ ojú ibi tí òkúta gbígbóná ti pàdé omi abẹ́ ilẹ̀ ní ayé àtijọ́, tí ìpàdé náà sì bú gbàmù. Omi òjò kún kòtò náà. Jíjìn rẹ̀ ju mítà 200 lọ. Omi ìsun tí ń wọlé láti ìdí rẹ̀ ni ó ń gbé gáàsì inú ilẹ̀ wá, lójoojúmọ́, láìpariwo.

Gáàsì náà gan-an kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni. Òun ni ènìyàn ń mí síta. Òun ni ó ń mú kí ẹmu hó nínú akèrègbè. Òun ni ó ń ta jáde nígbà tí a bá ṣí ìgò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. Òun kan náà ni ewéko ń gbà láti fi ṣe oúnjẹ ara rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní kábọ́nì dàyọ́ksáìdì. Ní àwọn ọdún 1750, Joseph Black, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tílándì, fi hàn pé gáàsì yìí há mọ́ inú òkúta ẹfun, pé ó yàtọ̀ sí afẹ́fẹ́ lásán, pé iná kì í jó nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹranko kì í yè nínú rẹ̀. Ní 1767, Joseph Priestley gbé omi sí òkè ibi tí wọ́n ti ń pọn ọtí bíà ní ìlú Leeds, gáàsì náà yòrò sínú omi, omi náà sì ta lẹ́nu. Bí ìmọ̀ ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìwà méjì ni gáàsì yìí ní tí ó ṣe pàtàkì fún ìtàn Nyos. Èkíní ni pé ó wúwo. Nínú ìṣirò àwọn onímọ̀ kẹ́místrì, kábọ́nì jẹ́ 12, ọ́ksíjìn méjì tí ó so mọ́ ọn jẹ́ 32, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 44. Ti afẹ́fẹ́ lásán kò ju nǹkan bí 29 lọ. Nítorí náà, gáàsì yìí wúwo tó afẹ́fẹ́ ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀, kò sì lè ṣe kí ó má wá ibi tí ó rẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí ìkùukùu náà fi ṣàn wọ àfonífojì, tí ó fi bo àwọn tí ó sùn sórí ẹní mọ́lẹ̀, tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ilé wọn wà ní òkè fi bọ́. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí fìtílà fi kú nígbà tí epo kò tán: ọ́ksíjìn ni ó tán ní àyíká rẹ̀. Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, gáàsì yìí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Bí ó bá dé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ènìyàn yóò dákú. Bí ó bá sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, a máa da iyè rú, ó sì lè mú kí ènìyàn gbóòórùn ohun tí kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ṣe túmọ̀ òórùn ẹtù àti ti ẹyin tí àwọn ará Nyos sọ.

Ìwà kejì ni pé gáàsì yìí a máa yòrò sínú omi, àti pé bí ohun tí ó tẹ omi náà bá ṣe wúwo tó ni gáàsì tí omi yóò gbà yóò ṣe pọ̀ tó. William Henry ni ó fi òfin yìí lélẹ̀ ní 1803. Ẹni tí ó bá ṣí ìgò ẹlẹ́rìndòdò ti rí òfin náà. Níwọ̀n ìgbà tí ìdérí bá wà lórí ìgò, gáàsì a dákẹ́ sínú omi, ojú kò sì rí i. Bí ìdérí bá ṣí, agbára tí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kúrò, gáàsì a sì hó jáde. Ní Nyos, omi fúnra rẹ̀ ni ìdérí. Bí ènìyàn bá wọ inú omi lọ ní mítà mẹ́wàá, ìwúwo tí ó tẹ̀ ẹ́ yóò ti di ìlọ́po méjì ti ojú ilẹ̀. Ní ìdí Nyos, ó tó ìlọ́po mọ́kànlélógún. Lábẹ́ irú ìwúwo bẹ́ẹ̀, gáàsì tí ó lè wà nínú lítà omi kan ju lítà kan lọ dáadáa nígbà tí ó bá jáde sí ojú ilẹ̀. Omi tí gáàsì yìí bá sì yòrò sínú rẹ̀ a máa wúwo ju omi lásán lọ, nítorí náà ó jókòó sí ìdí adágún, kò sì pò pọ̀ mọ́ omi òkè.

Ní ilẹ̀ olótùútù, omi ojú adágún a máa tutù gidigidi nígbà òtútù, a wúwo, a rì sí ìsàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ a sì gòkè wá. Lọ́dọọdún ni irú adágún bẹ́ẹ̀ ń yí padà, tí ó sì ń mí gáàsì rẹ̀ dànù díẹ̀díẹ̀. Ní ilẹ̀ wa tí oòrùn kì í jìnnà sí, omi òkè a máa lọ́ wọ́ọ́rọ́, a sì máa dúró sórí ti ìsàlẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Àárín ìgbà òjò, nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì, ni omi òkè tutù jù lọ, ìgbà náà sì ni ìpele omi méjèèjì rọrùn láti dàrú. Bóyá afẹ́fẹ́ ni ó kọ́kọ́ ta á jí, bóyá òjò tútù ni, bóyá ilẹ̀ ni ó ya sínú omi láti ẹ̀gbẹ́ òkè, lórí èyí àwọn onímọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan. Ohun tí wọ́n gbà ni pé bí omi ìsàlẹ̀ díẹ̀ bá ti gòkè, ìwúwo orí rẹ̀ a dínkù, gáàsì a hó, ìhó náà a sì fa omi ìsàlẹ̀ púpọ̀ sí i sókè, títí gbogbo adágún yóò fi ru bí ìgò tí a mì kí a tó ṣí i. Adágún Nyos fà sísàlẹ̀ ní nǹkan bí mítà kan ní alẹ́ ọjọ́ náà. Pípọ́n tí omi rẹ̀ pọ́n jẹ́ ẹ̀rí mìíràn. Irin ti yòrò sínú omi ìsàlẹ̀ tí kò ní ọ́ksíjìn. Nígbà tí omi náà dé òkè, tí ó pàdé afẹ́fẹ́, irin inú rẹ̀ dógùn-ún, ó sì pa omi láró bí irin dídógùn-ún ti ń pa aṣọ funfun.

Ìjà ọ̀rọ̀ kò ṣàì ṣẹlẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ láti oríṣìíríṣìí ilẹ̀ pé jọ sí Yaoundé ní oṣù Máàṣì, ọdún 1987, Haroun Tazieff, ògbólógbòó onímọ̀ nípa òkè ayọnáyèéfín láti ilẹ̀ Faransé, dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé bíbú òkè ni. Ọ̀pọ̀ àwọn yòókù ní rárá. Wọ́n ní bí òkè bá bú lábẹ́ omi, omi ìdí adágún ì bá gbóná gidigidi, ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀ ì bá dàrú, gáàsì imí-ọjọ́ ì bá sì pọ̀ nínú omi. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ó rí bẹ́ẹ̀. Ìdánwò ọjọ́ orí tí wọ́n ṣe sí kábọ́nì inú gáàsì náà fi hàn pé kì í ṣe ewé jíjẹrà ni ó ti wá. Láti inú ilẹ̀ jíjìn ni. Inú iná ilẹ̀ ni gáàsì ti wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú omi ni ó ti kó jọ. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ìjà àwọn ọ̀mọ̀wé lásán. Bí ó bá jẹ́ pé òkè ni ó bú, kò sí ohun tí ọmọ ènìyàn lè ṣe ju kí ó sá lọ. Bí ó bá jẹ́ pé gáàsì ni ó kó jọ, a jẹ́ pé yóò tún kó jọ, ṣùgbọ́n ó ṣeé fà jáde.

Ibì kan tún wà tí ìmọ̀ náà ti fara hàn tẹ́lẹ̀ rí. Láàárín àwọn Kom, tí ilẹ̀ wọn wà ní agbègbè òkè kan náà, ìtàn àtayébáyé kan wà pé ọba wọn kan pokùn so nítorí ìwà ọ̀dàlẹ̀ tí àwọn ará Bamessi hù sí i, pé omi ara rẹ̀ di adágún, àti pé nígbà tí àwọn ará Bamessi wọ inú rẹ̀ lọ pẹja, adágún náà ru, ó sì gbé wọn mì. Onímọ̀ nípa àṣà ènìyàn kan, Eugenia Shanklin, kó irú ìtàn bẹ́ẹ̀ jọ lẹ́yìn ikú Nyos, ó sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ adágún tí ń pani ti wà lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀ kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó dé. Ìtàn kò lè sọ ìwúwo gáàsì fún ni, kẹ́místrì kò sì lè sọ ohun tí ojú àwọn baba ńlá rí. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Nígbà tí ìdí ọ̀ràn ti yé wọn, oògùn rẹ̀ kò ṣòro láti rò. Michel Halbwachs àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ilẹ̀ Faransé, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ Kamẹrúùnù, Amẹ́ríkà àti Japan, pinnu láti ki páìpù gígùn bọ ìdí adágún. Wọ́n dán an wò ní Nyos ní 1995, wọ́n sì rì í síbẹ̀ fún lílò ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2001. Ẹ̀rọ kan ni ó kọ́kọ́ fa omi ìsàlẹ̀ gòkè nínú páìpù. Bí omi náà ti ń gòkè, gáàsì rẹ̀ ń hó, ìhó náà sì ń ti omi mìíràn sókè, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi pa ẹ̀rọ tí omi kò sì dúró. Ó tú jáde sí ojú ọ̀run ní nǹkan bí mítà 50. Agbára kan náà tí ó pa ìlú ni ó wá ń ṣiṣẹ́ ìwòsàn láìgba epo. Páìpù dé Monoun ní 2003, wọ́n sì fi méjì kún ti Nyos ní 2011.

Àwọn tí ó yè ní 1986 kò rí ilé wọn padà sí bọ̀rọ̀. Ìjọba kó wọn lọ sí àwọn ibùdó mìíràn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti bí ọmọ, tí ọmọ ti bímọ, síbẹ̀. Ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, Adágún Kivu wà láàárín Rwanda àti Kóńgò, ó tóbi ju Nyos lọ fíìfíì, gáàsì yìí àti òmíràn tí ń gbiná sì wà ní ìdí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí mílíọ̀nù méjì ènìyàn ń gbé ní àyíká rẹ̀. Láti 2016 ni ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Rwanda ti ń fa gáàsì tí ń gbiná náà jáde láti fi ṣe iná mànàmáná.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní ìtàn yìí kò nílò yàrá ìdánwò olówó ńlá. Kán-ún díẹ̀ nínú ife jíjìn, pẹ̀lú omi ọsàn wẹ́wẹ́, yóò hó gáàsì náà jáde. Bí ó bá rọra da gáàsì inú ife náà sórí àbẹ́là tí ń jó, láìjẹ́ kí omi inú ife dà, iná àbẹ́là yóò kú, àwọn ọmọ yóò sì rí i pé ohun tí ojú kò rí ni ó ṣàn wálẹ̀ pa á. Bí ọmọ bá fi igi ewé ìbẹ́pẹ tí ó ní ihò fẹ́ èémí sínú omi tòrò tí a ti po òkúta ẹfun sísun sí, omi náà yóò funfun bí wàrà, yóò sì mọ̀ pé gáàsì Nyos wà nínú èémí òun.

Ẹ̀kọ́ náà kò parí sí etí adágún. Nínú kànga àtijọ́ tí a ti bò fún ìgbà pípẹ́, gáàsì yìí lè kó jọ, ọ́ksíjìn sì lè tán. Ọkùnrin kan a wọ inú rẹ̀ lọ láti kó ẹrẹ̀, a ṣubú. Èkejì a bẹ́ wọlé láti gbà á, òun náà a ṣubú. Wọn a ní iwin inú kànga ni. Fìtílà tí a fi okùn sọ̀ kalẹ̀, tí ó sì kú kí ó tó dé omi, ti sọ fún wọn pé kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀. Bí fìtílà kò bá tilẹ̀ kú, èyí nìkan kò tó ẹ̀rí pé ibẹ̀ dára, nítorí gáàsì olóró mìíràn wà tí kì í pa iná. Ọmọ tí ó bá ti rí àbẹ́là kú nínú kíláàsì yóò rántí rẹ̀ ní ẹnu kànga, yóò sì di bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ mú.